Dátà bàálù wo ló yẹ kí o lò? Ìfiwéra fún ẹni tó ń wádìí rúkèrúdò afẹ́fẹ́ àti ìdarí bàálù

Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, afẹ́fẹ́ líle gbá bàálù Singapore Airlines kan, Boeing 777-300ER tó ń ti London lọ sí Singapore, lójú òfuurufú Myanmar. Èrò kan kú, ọ̀pọ̀ sì fara pa. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi gbalẹ̀ pé bàálù náà já wálẹ̀ ní 6,000 ẹsẹ̀ bàtà. Ojú òpó tó ń tọpa bàálù lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti fà á yọ. Nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù yẹn, TSIB, àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá ní Singapore, gbé ohun tó wà nínú àpótí dúdú (tí àwọ̀ rẹ̀ kì í kúkú ṣe dúdú) jáde. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 0.6, g òòró bọ́ láti 1.35 sí òdì 1.5. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, ó ti padà sí 1.5. Gbogbo bí bàálù náà ṣe sọ̀ kalẹ̀ nígbà yẹn jẹ́ 178 ẹsẹ̀ bàtà péré. Ìsọ̀kalẹ̀ 6,000 tí ayé ń pariwo, àwọn awakọ̀ ló dìídì ṣe é wọ́ọ́rọ́wọ́, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 17 lẹ́yìn tí wàhálà ti rékọjá.

Fún ẹni tí g kò yé: g 1 ni ìwúwo ara rẹ bí o ṣe jókòó yìí. Tó bá di òdo, o ti ń léfòó. Tó bá di òdì, òrùlé ni orí ẹni tí kò de bẹ́líìtì ń lọ.

Dátà orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn kò purọ́. Ó rí ìsọ̀kalẹ̀ ńlá tó gba ìṣẹ́jú mẹ́ta, kò sì ní ojú tí yóò fi rí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Ìdí nìyí tí a fi ṣe ìfiwéra yìí fún akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ, olùwádìí ojú ọjọ́ àti òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ààbò ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tó ní láti yan èyí tí yóò lò. Ohun tí a kọ́kọ́ máa ń wò nínú dátà èyíkéyìí ni bóyá ìṣípò elevator wà nínú rẹ̀, ìyẹn abala ìrù tó ń gbé imú bàálù sókè tàbí sódò. Dátà tí kò ní elevator lè sọ fún ọ pé bàálù mì. Kò lè sọ fún ọ bóyá afẹ́fẹ́ ló mì ín tàbí ẹ̀rọ ìdarí rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀melòó ní ìṣẹ́jú àáyá kan?

Bàálù ńlá tó wà lókè réré máa ń rin nǹkan bí 230 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn ìyípo afẹ́fẹ́ tó ń mì í jùlọ máa ń wà láàárín nǹkan bí 100 mítà sí kìlómítà méjì. Èyí tó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, bàálù a gé e kọjá láìmọ̀ ọ́n lára. Èyí tó tóbi jù, a bá a gòkè, a bá a sọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Tí sẹ́ńsọ̀ bá ń kọ ìwọ̀n sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá, 230 mítà ló wà láàárín àkọsílẹ̀ kan àti èkejì, nítorí náà ìgbì tó kúrú ju 460 mítà lọ kò lè hàn bó ṣe rí. Tó bá ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹjọ, àlàfo náà á di 29 mítà, ìgbì 58 mítà á sì hàn.

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ìgbì kúkúrú tí sẹ́ńsọ̀ kò lè bá kì í parẹ́. Ó máa ń para dà di ìgbì gígùn èké nínú dátà, kò sì sí ìṣirò tó lè yà á sọ́tọ̀ mọ́. Má gbà kí ẹnikẹ́ni fi interpolation (fífi àfojúdá dí àlàfo) sọ dátà 1 Hz di 8 Hz fún ọ. Hz ni iye ìgbà tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

| Orísun dátà | Iye ìgbà | Elevator, rudder (abala ìrù tó ń yí imú sọ́tùn-ún tàbí sósì) | Ta ló lè rí i |
|---|---|---|---|
| Àpótí dúdú, QAR (quick access recorder, ẹ̀rọ ìkọ̀wé tó rọrùn láti kó dátà rẹ̀) | g òòró: 8 Hz, igun imú: nǹkan bí 4 Hz, eré àti gíga: 1 Hz | Wà | Ilé-iṣẹ́ tó ni bàálù, àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá |
| DASHlink ti NASA | Bíi ti QAR | Wà | Gbogbo ènìyàn |
| ADS-B (ibi tí bàálù wà, gíga àti eré tó ń kéde fúnra rẹ̀) | Nǹkan bí 2 Hz, bí kò bá sọnù lọ́nà | Kò sí | Ẹni tó ní eriali |
| Mode S EHS (ìdáhùn bàálù sí rédà) | Lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 4 sí 12 | Kò sí | Ẹni tó ní eriali níbi tí rédà ti ń béèrè |
| EDR (ìwọ̀n agbára rúkèrúdò), AMDAR (ìròyìn ojú ọjọ́ láti inú bàálù èrò) | Lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kan, tàbí kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ | Kò sí | Àjọ ojú ọjọ́, ilé-iṣẹ́ tó san owó |
| Bàálù ìwádìí | 25 Hz sókè | Ó dá lórí bàálù | Olùwádìí |

QAR àti àpótí dúdú

Omi odò kan náà ló máa ń ṣàn sínú àwọn méjèèjì. Àpótí dúdú ń pa wákàtí 25 tó kẹ́yìn mọ́, ó ń kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí, wọ́n sì fi irin dì í kí iná àti ìforísọlẹ̀ má bàa bà á jẹ́. QAR kò ní ìhámọ́ra kankan: káàdì ìrántí ni, tàbí ẹ̀rọ tó ń fi dátà ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí bàálù bá balẹ̀. Fún ìwádìí, QAR ló dára jù, nítorí ó ń pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìrìn-àjò mọ́, kì í ṣe wákàtí 25 nìkan. Ìwé òfin ICAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọkọ̀ òfuurufú, tí wọ́n ń pè ní Annex 6 ti sọ ọ́ di dandan pé ilé-iṣẹ́ tó ń fi bàálù tó wúwo ju 27,000 kìlógíráàmù lọ kó èrò gbọ́dọ̀ máa yẹ dátà ìrìn-àjò rẹ̀ wò. Dátà náà wà, kì í kàn ṣe fún ìta ni.

Bí o bá rí i gbà, òǹkà òdo àti ení ni wọn yóò gbé fún ọ. Ìlànà ARINC 717 máa ń to dátà sí ọ̀rọ̀ oní-bíìtì 12, láti 64 títí dé 1,024 ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ni férémù kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì tirẹ̀: 247, 5B8, A47, DB8 ní hexadecimal. Tí àmì wọ̀nyí kò bá tẹ̀ lé ara wọn létòletò, dátà ti já níbẹ̀. Gé apá náà dànù, má gbìyànjú láti rán an pọ̀. Ìwé tó sọ ọ̀rọ̀ wo ló jẹ́ ti elevator, ọ̀rọ̀ wo ló jẹ́ ti gíga, àti iye tí a ó fi sọ òǹkà di digirí (data frame layout) yàtọ̀ láti bàálù sí bàálù, kódà nínú ilé-iṣẹ́ kan náà.

Tí o bá fẹ́ mọ eré afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sókè-sódò, tí bàálù kò sì dagẹ̀rẹ̀ púpọ̀, ìṣirò rẹ̀ kò le:

w = ḣ − V · sin(θ − α)

ḣ ni eré tí bàálù fi ń gòkè, V ni eré rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, θ ni igun imú rẹ̀ sí ilẹ̀, α sì ni igun tí afẹ́fẹ́ fi ń kọ lu apá rẹ̀. Ìṣirò yìí rọrùn lójú, àmọ́ ibi mẹ́rin ló ti máa ń dà.

Àkọ́kọ́ ni àkókò. Bí férémù bá ní ọ̀rọ̀ 256 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ohun tó wà ní ọ̀rọ̀ 65 fi ìṣẹ́jú àáyá 0.25 pẹ́ ju ohun tó wà ní ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lọ. Tí imú bàálù bá ń yí ní digirí mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá, ìdápẹ́ yẹn nìkan yóò ṣẹ̀dá afẹ́fẹ́ èké mítà mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá. Sún paramítà kọ̀ọ̀kan sí àkókò rẹ̀ kí o tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Èkejì ni α. Àṣìṣe digirí 0.1 tó mítà 0.4 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ̀gbẹ́ imú bàálù ni sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ sì máa ń wà, níbi tí ara bàálù ti ń ti afẹ́fẹ́ sókè, nítorí náà ìwọ̀n tó kọ kì í ṣe α gidi bí wọn kò bá tíì ṣe àtúnṣe sí i. Yàtọ̀ sí ìyẹn, tí sẹ́ńsọ̀ bá fi mítà 15 ṣíwájú àárín ìwúwo bàálù, imú tó ń yí ní digirí mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá yóò fi nǹkan bí digirí 0.2 kún un tàbí yọ ọ́ kúrò. Ìṣirò àtúnṣe náà ni q·l/V: q ni eré yíyí imú, l sì ni jíjìnnà sẹ́ńsọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ḣ. Gíga tó ti ara ìfúnpá afẹ́fẹ́ wá máa ń falẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá sì ni wọ́n ń kọ ọ́. Lo g òòró fún ìyípadà kíákíá, kí o fi gíga ìfúnpá dè é mọ́lẹ̀ kó má bàa sú lọ. Èkejì láìsí èkínní kò tó.

Ẹ̀kẹrin ló ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ: asẹ́ (filter). Nínú ìwádìí American Airlines 587, Airbus A300-600 tó já lulẹ̀ ní New York ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 2001, tí ènìyàn 265 sì kú, NTSB, àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá ní Amẹ́ríkà, rí i pé ẹ̀rọ kan nínú bàálù ti sẹ́ ìṣípò rudder kó tó dé àpótí dúdú. Asẹ́ náà ti dán ìlà rẹ̀: bí rudder ṣe jù sọ́tùn-ún sósì kíákíá kò hàn bó ṣe rí gan-an, wọ́n sì ní láti ṣiṣẹ́ padà sẹ́yìn kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fún ọ ní dátà bóyá ìṣípò àwọn abala ìdarí ti ara sẹ́ńsọ̀ wá tààrà. Bó bá ti gba asẹ́ kọjá, má fi wọn ìdápẹ́ láàárín ọwọ́ awakọ̀ àti ìṣípò rudder.

Bí o ṣe máa dán iṣẹ́ rẹ wò: mú apá ìrìn-àjò tí afẹ́fẹ́ ti parọ́rọ́, níbi tí bàálù ti ń dẹ́kun gígòkè tó fẹ́ tẹ́jú. w yẹ kó súnmọ́ òdo níbẹ̀. Tí w bá ń tẹ̀ lé θ sókè-sódò, α tàbí àkókò ni kò tíì gún.

Afẹ́fẹ́ ni àbí ẹ̀rọ ìdarí?

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2008, imú Airbus A330 ti Qantas, ìrìn-àjò 72, ṣàdédé dorí kodò lẹ́ẹ̀mejì nítòsí Learmonth ní Ọsirélíà. g òòró dé òdì 0.8, èrò tó ju ọgọ́rùn-ún lọ sì fara pa. Ẹni tó bá wo g nìkan yóò ní afẹ́fẹ́ ni. Ẹ̀rọ ni. Ọ̀kan nínú àwọn ADIRU mẹ́ta (ẹ̀rọ tó ń fi ìwọ̀n bíi eré, gíga àti α ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ìdarí) ń rán α èké tó tó digirí 50.6 jáde, kọ̀ǹpútà ìdarí sì gbà á gbọ́ nígbà tí α èké méjì fi ìṣẹ́jú àáyá 1.2 jìnnà síra, ó wá tẹ imú bàálù mọ́lẹ̀.

Ohun tí a máa ń kọ́kọ́ wò ni èwo ló ṣáájú. Tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́, α àti g á kọ́kọ́ fò, elevator á tẹ̀ lé wọn bí ọ́tópáílọ̀tì ṣe ń ṣe àtúnṣe. Tó bá jẹ́ ìdarí, elevator ló ń ṣáájú g. Ṣùgbọ́n Qantas 72 fi hàn pé èyí nìkan kò tó, nítorí α fò kí elevator tó ṣí níbẹ̀ náà! Nítorí náà, fi α ẹ̀gbẹ́ òsì wé ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Afẹ́fẹ́ gidi yóò gbá àwọn sẹ́ńsọ̀ méjèèjì. Bí α bá fò ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, tí g kò bá a fò lẹ́ẹ̀kan náà, sẹ́ńsọ̀ tàbí kọ̀ǹpútà ni kí o lọ wò.

Ẹni tó bá fẹ́ fi QAR ṣírò bí elevator ṣe ń darí bàálù tó, ó yẹ kó ṣọ́ra púpọ̀. Tí ọ́tópáílọ̀tì bá wà lẹ́nu iṣẹ́, elevator ń fèsì sí afẹ́fẹ́ ni, kì í ṣe pé ó ń dá nǹkan ṣe fúnra rẹ̀, nítorí náà regression lásán (ìṣirò tó ń wá bí nǹkan kan ṣe ń yí pẹ̀lú èkejì) yóò da ipa afẹ́fẹ́ pọ̀ mọ́ ipa elevator. Wo paramítà ọ́tópáílọ̀tì, kí o ya ìgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbà tí kò sí. Kódà nígbà tí awakọ̀ bá ń fi ọwọ́ darí, ìrìn-àjò èrò máa ń rọra lọ débi pé bàálù kì í sáábà mì tó fún irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń lò fún un ni dátà ìdánwò bàálù, níbi tí awakọ̀ ti ń ti elevator síwá-sẹ́yìn lọ́nà 3-2-1-1: ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, méjì, ọ̀kan, ọ̀kan, tàbí ìlọ́po wọn.

DASHlink

NASA gbé dátà bàálù èrò kékeré jáde fún gbogbo ayé: bàálù 35 tó jẹ́ irú kan náà, ọdún mẹ́ta iṣẹ́ gidi, paramítà tó tó 186, ní fáìlì MATLAB. Wọ́n ti yọ orúkọ ilé-iṣẹ́ kúrò. g òòró, α méjì, elevator, aileron (abala apá tó ń mú bàálù dagẹ̀rẹ̀), rudder, gbogbo wọn wà níbẹ̀, paramítà kọ̀ọ̀kan sì ní iye ìgbà tirẹ̀ nínú fáìlì. Fún iṣẹ́ àṣekágbá fásitì, kò sí èyí tó rọrùn tó o. Àléébù rẹ̀ ni pé wọn kò sọ irú bàálù tó jẹ́ (ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ló wà nínú paramítà, kí olóye máa fọkàn yàn án), nítorí náà fífẹ̀ apá àti ibi tí sẹ́ńsọ̀ wà, àfojúdá ni. Lò ó láti dán ìṣirò wò àti láti kọ́ kọ̀ǹpútà bó ṣe máa dá rúkèrúdò mọ̀. Ẹrù tó wọ apá bàálù, má fi í ṣírò.

ADS-B àti Mode S

Bàálù fúnra rẹ̀ ló ń kéde ADS-B lórí 1090 MHz. Eriali, RTL-SDR (ẹ̀rọ kékeré tó ń gba ìgbì rédíò sínú kọ̀ǹpútà) àti Raspberry Pi (kọ̀ǹpútà kékeré) ti tó láti gbà á. Bàálù tó wà ní 37,000 ẹsẹ̀ bàtà ṣeé gbọ́ láti nǹkan bí 430 kìlómítà bí kò bá sí òkè tó dí ọ̀nà, nítorí náà eriali kan ní Ìbàdàn lè gbọ́ bàálù tó ń fò lókè Kútọnù àti Lomé. Fi bátìrì sí i. Àlàfo tí àìsí iná bá dá sílẹ̀ nínú dátà kì í ṣeé dí. Ẹni tí kò fẹ́ gbé eriali lè lo OpenSky Network, tó ń fún àwọn olùwádìí ní dátà àtijọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Láìforúkọsílẹ̀, API rẹ̀ (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà rẹ fi ń béèrè dátà) ń fúnni lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, èyí tí kò wúlò rárá fún rúkèrúdò.

Òǹkà gíga inú ADS-B ń fò ní 25 ẹsẹ̀ bàtà lẹ́ẹ̀kan, òǹkà eré gígòkè sì ń fò ní 64 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn nǹkan bíi mítà 0.33 ní ìṣẹ́jú àáyá. g kò sí níbẹ̀. Rúkèrúdò líle lè hàn bí eré gígòkè tó ń ṣe ségesège, ṣùgbọ́n ọ́tópáílọ̀tì tó ń lépa gíga rẹ̀ lè fara jọ ọ́.

Mode S EHS sàn díẹ̀: igun ìdagẹ̀rẹ̀, eré nínú afẹ́fẹ́, ibi tí imú kọjú sí àti Mach (eré bàálù sí eré ohùn) wà nínú rẹ̀. Láti ara wọn ni KNMI, àjọ ojú ọjọ́ Netherlands, ti ń ṣírò afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lókè. Àṣìṣe digirí kan nínú ibi tí imú kọjú sí tó mítà mẹ́rin ní ìṣẹ́jú àáyá, nítorí náà wọ́n ní láti ṣe àtúnṣe sí bàálù kọ̀ọ̀kan. Rédà ló sì ní láti béèrè kí bàálù tó fèsì. Níbi tí rédà kò bá ti béèrè, eriali rẹ kò ní gbọ́ nǹkan kan. Gba wákàtí díẹ̀ sílẹ̀, kí o fi sọ́fítíwíà pyModeS ka BDS 5,0 àti 6,0 (abala ìdáhùn tí àwọn ìwọ̀n yẹn wà nínú) kí o tó gbé iṣẹ́ lé e lórí.

EDR, AMDAR, bàálù ìwádìí

g kan náà kò túmọ̀ sí afẹ́fẹ́ kan náà: bàálù fífúyẹ́ á fò ju èyí tó wúwo lọ. EDR yanjú èyí, nítorí agbára rúkèrúdò inú afẹ́fẹ́ gan-an ló ń wọ̀n. Kọ̀ǹpútà inú bàálù ni yóò ka dátà kíákíá, yóò sì rán ìwọ̀n àárín àti èyí tó ga jù ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan wálẹ̀. Ní ìlànà ICAO, láti 0.20 ni rúkèrúdò ti ń di ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, láti 0.45 ló sì ti di líle. Fún máàpù ibi tí rúkèrúdò ti ń ṣẹlẹ̀ àti fún yíyẹ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ wò, òun la máa yàn. Ohun kan tó yẹ kí a mọ̀: bàálù tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń dín ìmì afẹ́fẹ́ kù yóò fi g tó kéré hàn, nítorí náà EDR tí wọ́n ṣírò láti ara g lè kéré ju bó ṣe yẹ lọ bí wọn kò bá ka ẹ̀rọ náà sí.

AMDAR dàgbà ju EDR lọ. Àwọn kan nínú rẹ̀ ń gbé EDR, àwọn mìíràn DEVG, tó ń sọ g tó ga jù di eré afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ kò gbé ju afẹ́fẹ́ àti ìwọ̀n ooru lọ. Lókè Áfíríkà, ìròyìn rẹ̀ ṣọ̀wọ́n ju ti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà lọ, nítorí náà máàpù tó funfun níbẹ̀ kò túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ parọ́rọ́.

Bàálù ìwádìí bíi Gulfstream V ti NCAR, ilé ìwádìí ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà, ní ihò márùn-ún tó ń wọn afẹ́fẹ́ ní imú, dátà 25 Hz rẹ̀ sì ṣeé gbà. Ó péye ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n ìrìn-àjò rẹ̀ kò pọ̀, awakọ̀ rẹ̀ kì í sì í fẹ́ wọ inú afẹ́fẹ́ líle.

Tí o bá fẹ́ gba QAR lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́

Ẹ̀rù pé wọn yóò fi dátà mú awakọ̀ ló máa ń mú kí ilé-iṣẹ́ kọ̀. Lọ pẹ̀lú ìwé tó sọ pé wọn yóò yọ déètì, nọ́ńbà ìrìn-àjò àti nọ́ńbà bàálù kúrò kó tó dé ọwọ́ rẹ. Béèrè ìwọ̀nba paramítà: g mẹ́ta, θ, igun ìdagẹ̀rẹ̀, α méjèèjì, eré, gíga, ìwúwo, elevator, aileron, rudder, ipò ọ́tópáílọ̀tì. Má jẹ́ kí wọ́n yọ ìwúwo, nítorí láìsí i, g kò ṣeé sọ di afẹ́fẹ́. Béèrè ìwé data frame layout ti bàálù gan-an tí dátà náà ti wá, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀, kí o sì dán ìrìn-àjò kan ṣoṣo wò pátápátá kí ìwọ àti àwọn tó fún ọ tó jọ buwọ́ lùwé lórí èyí tó kù.